Intafíù fún ẹni tí kò tíì gba owó oṣù rí: bí o ṣe lè dáhùn ìbéèrè nípa ìrírí

"Níbo lo ti ṣiṣẹ́ rí?" Ìbéèrè yìí ló máa ń mú kí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jáde ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àtàwọn tó ń jáde láwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlú Ọ̀yọ́, wolẹ̀ lọ́jọ́ intafíù. Wọ́n á ní, "Mi ò tíì ṣiṣẹ́ rí, sà, àmọ́ mo máa tètè kọ́ ọ." Mo ti jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí láwọn iléeṣẹ́ kéékèèké ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì máa ń dùn mí, torí lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn yẹn kì í ṣòótọ́. Ọmọ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti bá ìyá rẹ̀ tajà lọ́jà Tákíè láti kékeré. Ó ti ṣe akápò ẹgbẹ́ akọrin. Ó ti kọ́ ọmọ aládùúgbò ní ìṣirò títí ó fi yege. Ohun tí kò tíì ṣe ni iṣẹ́ owó oṣù, iṣẹ́ owó oṣù nìkan sì kọ́ ni iṣẹ́.

Ẹni tó ń bi ọ́ ní ìbéèrè kò wá iye ọdún lásán. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wàá máa dé lásìkò, bóyá òun lè fi owó tàbí ọjà sí ọ lọ́wọ́, àti bóyá o kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ sá lọ bí nǹkan bá dojú rú. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí ní lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ láti fi hàn. Ìwọ máa fi ohun tó o ti fọwọ́ ara rẹ ṣe hàn, o sì gbọ́dọ̀ mọ bó o ṣe máa sọ ọ́.

Kọ iṣẹ́ tó o ti ṣe sílẹ̀

Ṣe èyí ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ intafíù. Mú ìwé àti bírò, má sì bẹ̀rẹ̀ láti orí CV, torí CV ló ń mú kéèyàn rò pé ohun tí kò bá sí lábẹ́ "iṣẹ́" kò sí rárá. Bẹ̀rẹ̀ láti ilé, kó o wá lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́, àti ọdún àgùnbánirọ̀ tó o bá ti ṣe é. Bi ara rẹ léèrè: ta ló ti fi owó sí mi lọ́wọ́ rí? Ta ni mo kọ́ ní nǹkan tó sì mọ̀ ọ́n? Kí ni mo ń kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́? Bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, irú wàhálà wo ni wọ́n máa ń pè mí sí?

Jẹ́ kí n fi ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, torí irú wọn pọ̀ ládùúgbò wa. Tí àsìkò kajú bá dé, láti nǹkan bí oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún, òun ló máa ń wà nídìí òṣùwọ̀n. Tí wọ́n bá bi í ní intafíù, gbogbo ohun tó máa sọ ni pé, "Mo máa ń ran bàbá mi lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ nǹkan kan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi í dáadáa, á sọ fún yín pé òun máa ń ki ọwọ́ bọ àpò títí dé ìsàlẹ̀, torí àwọn kan máa ń kó èyí tó gbẹ sókè, kí wọ́n fi tútù sábẹ́. Á mú díẹ̀, á la wọ́n sí méjì, á wo inú wọn bóyá ó funfun tàbí ó ti dúdú. Èyí tí kò bá gbẹ, ó máa ní kí wọ́n tún un sá sóòrùn kí wọ́n tó dì í, kó má bàa bu nínú àpò. Ó ń kọ orúkọ àgbẹ̀, ìwọ̀n àti owó sínú ìwé. Tó bá di alẹ́, ó ń ṣírò owó tó kù lọ́wọ́ títí tó fi máa bá ohun tó wà nínú ìwé mu.

Yíyẹ ọjà wò nìyẹn, àkọsílẹ̀ nìyẹn, ìṣirò owó nìyẹn, bó ṣe ń sọ fún àgbàlagbà pé ọjà rẹ̀ kò gbẹ láìfi ẹnu gbá a létí sì nìyẹn. Kò sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ tí kò nílò ẹni tó mọ nǹkan wọ̀nyí. Ọmọ náà ṣáà ń pè é ní "ìrànlọ́wọ́" ni.

Nítorí náà, fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó o bá kọ, kọ ohun mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ohun tó o ṣe gan-an, iye rẹ̀ (àpò mélòó, ọmọ mélòó, náírà mélòó), ìṣòro kan tó yọjú níbẹ̀, àti ẹni tó lè jẹ́rìí sí i. Má bù mọ́ iye yẹn. Tó o bá ní ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n sì bi ọ́ bó o ṣe ṣe é, ẹnu rẹ á wọ́.

Ọ̀kan wà tí àwọn ọmọ máa ń gbàgbé, ìyẹn IT, àwọn oṣù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́. Ọdún 1973 ni wọ́n dá SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí IT, sílẹ̀ lábẹ́ ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, torí àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé ìwé nìkan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ìyẹn ni pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló ṣètò oṣù IT rẹ kó lè jẹ́ ìrírí iṣẹ́. Wá ìwé tó ò ń kọ lójoojúmọ́ nígbà náà, èyí tí ọ̀gá ibẹ̀ ń fọwọ́ sí. Kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó o sì mú un dání lọ́jọ́ intafíù. Mo ti rí i tí ọmọ kan ṣí ojú ìwé kan nínú rẹ̀ láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀, tí àwọn tó ń bi í léèrè sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kà. Láti ìgbà yẹn, ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń bi í, kì í ṣe ohun tí kò tíì ṣe.

Fi wé iṣẹ́ tí wọ́n polówó

Ka ìpolówó náà lẹ́ẹ̀mejì. Fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ní ẹni náà á máa ṣe, kó o wá mú iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú ohun tó o kọ sílẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ gbogbo ohun tó ti ṣe láyé máa ń rẹ àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Bí o ṣe máa to ọ̀rọ̀ rẹ

Tí wọ́n bá ní "Sọ ìgbà kan tó o yanjú ìṣòro," má dáhùn pé "Mo jẹ́ ẹni tó máa ń yanjú ìṣòro." Sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀. Sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, sọ ohun tó jẹ́ ojúṣe rẹ, sọ ohun tó o ṣe, sọ ibi tó já sí. Ohun tó o ṣe ni kó o sọ pẹ́ jù níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjì.

Ẹni tó ti ṣe POS ní Under G, ládùúgbò LAUTECH, lè sọ báyìí:

"Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàárà kan fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà. Ẹ̀rọ ní kò lọ, àmọ́ báńkì rẹ̀ ti yọ owó náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, èrò sì ń pé jọ. Èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jókòó, mo fi rìsíìtì tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde hàn án, mo kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, aago tó ṣẹlẹ̀ àti nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì rẹ̀ sílẹ̀. Mo pe iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ lójú rẹ̀, mo sì ní kí òun náà pe báńkì rẹ̀. Owó náà padà sínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì ṣì ń bá wa ra ọjà. Àtìgbà yẹn ni mo ti ya ìwé kan sọ́tọ̀ fún owó tí kò bá lọ."

Wo gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Òun ló máa wọ agbanisíṣẹ́ lọ́kàn jù, torí ó fi hàn pé o kò kàn pa iná lásán, o tún wá ohun tí kò ní jẹ́ kó ràn mọ́.

Àwọn ìbéèrè tó o máa bá pàdé

*"Sọ díẹ̀ nípa ara rẹ."* Wọn kò béèrè ibi tí wọ́n bí ọ sí tàbí ọmọ kẹlòó tó o jẹ́. Sọ ohun tó o kọ́, iṣẹ́ kan tó o ti ṣe tó kan iṣẹ́ yìí, àti ìdí tó o fi wá síbí. Bí àpẹẹrẹ: "Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ oúnjẹ ní LAUTECH. Nígbà IT, iléeṣẹ́ búrẹ́dì ni mo wà, èmi ni mo ń wọn ìyẹ̀fun, tí mo sì ń kọ bí ààrò ṣe gbóná tó sílẹ̀. Tí àsìkò kajú bá dé, èmi ni mo ń yẹ ọjà wò fún bàbá mi. Mo rí i pé yíyẹ ọjà wò ni iṣẹ́ tẹ́ ẹ polówó, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín."

*"Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí fọ́dún mẹ́ta wà níta. Kí nìdí tá a fi máa mú ìwọ?"* Èyí ló le jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Má bẹ̀bẹ̀. Má sọ pé iyekíye tí wọ́n bá fún ọ lo máa gbà. Má sọ̀rọ̀ ẹni tó wà níta láìdáa. Gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé òótọ́ ni, kó o sì yí ọ̀rọ̀ náà sí ohun tó o ní: "Òótọ́ ni, mà, ó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ jù mí lọ. Èmi ti yẹ ọjà wò fún àsìkò kajú mẹ́rin, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni ẹ̀rọ tí ẹ̀yin ń lò. Tẹ́ ẹ bá gbà mí, màá fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dúró ti ẹni tó mọ̀ ọ́n, màá máa kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀, màá sì mú ìwé náà wá kẹ́ ẹ wò ó." Ẹni tó sọ ohun tó máa ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń dà bí ẹni tó ti wà níbi iṣẹ́.

*"Kí ni àléébù rẹ?"* Jọ̀wọ́, má sọ pé o máa ń ṣiṣẹ́ jù. Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbà á gbọ́. Mú ohun kan tó jẹ́ òótọ́, tí kò ní ba iṣẹ́ náà jẹ́, kó o sọ ohun tó ò ń ṣe sí i: "Mi ò yá lórí Excel. Láti oṣù tó kọjá, mo ti ń fi kọ àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ wa kí ọwọ́ mi lè yá."

*"Kí lo ti ń ṣe látìgbà tó o ti jáde?"* Tó bá ti lé lọ́dún kan, wọ́n máa béèrè. "Mo ń wáṣẹ́" nìkan kò tó. Lẹ́sìnnì tó o ń kọ́ àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó o ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ dúró sí wà níbẹ̀, ìyá tó ṣàìsàn tó o tọ́jú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tí kò bá sí nǹkan kan, bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan lọ́sẹ̀ yìí. Kò tíì pẹ́ jù.

*"Ṣé o mọ nǹkan báyìí lò?"* Má purọ́. Wọ́n lè gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Sọ ibi tó o mọ̀ ọ́n dé. Iléèwé aládàáni máa ń ní kó o kọ́ kíláàsì kan lójú wọn, nítorí náà, tó bá jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ lo fẹ́ gbà, múra ẹ̀kọ́ ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀, kó o sì mú ṣọ́ọ̀kì tìrẹ dání.

*"Èló lo fẹ́ máa gbà?"* Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà kó o tó lọ. Mọ̀ pé láti oṣù keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù tí òfin là kalẹ̀ ní Nàìjíríà ni ₦70,000, àmọ́ òfin náà kò de iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, irú wọn ló sì pọ̀ jù níbí. Ṣírò owó ọkọ̀ rẹ fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà, o lè sọ pé, "Mo gbọ́ pé láàárín iye báyìí sí iye báyìí ni wọ́n ń san fún iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ gbọ́ iye tẹ́ ẹ̀yin ti yà sọ́tọ̀ fún un." Tówó náà bá kéré, béèrè ìgbà tí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò. Kì í ṣe àìlọ́wọ̀.

*"Ṣé ìwọ náà ní ìbéèrè?"* Má sọ pé rárá. Béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kẹ́ni tí wọ́n bá gbà ti ṣe láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àti ẹni tó máa kọ́ ọ níṣẹ́.

Tí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tó ò mọ̀, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n, kó o sì sọ bó o ṣe máa wádìí rẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà, àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Fi ẹnu sọ ọ́ ṣáájú

Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa fi bi ọ́. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni pé wọ́n ń ronú nípa Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń gbàgbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ. Kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ ní Yorùbá fún ẹnì kan nílé, bó o ṣe máa ròyìn rẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Tó bá ti tò dáadáa, wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú gbólóhùn kúkúrú. Gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ sórí fóònù, kó o gbọ́ ọ. Má há a sórí bí ẹni tó ń ké ewì, torí tí wọ́n bá dá ọ dúró láàárín, o kò ní mọ ibi tó o ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an

Kó ìwé ẹ̀rí rẹ, ojúlówó àti ẹ̀dà, sínú fáìlì kan: èsì ìdánwò girama, ìwé ẹ̀rí yunifásítì tàbí póli, NIN, ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ tàbí ti ìyọ̀ǹda fún ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà tó jáde, ìwé IT rẹ, àti fọ́tò pélébé. Tètè kúrò nílé. Tó bá jẹ́ láti Ọ̀yọ́ lo ti ń bọ̀, sùn sílé ìbátan kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú bí àyè bá wà.

Kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì, kí akọ̀wé, torí wọ́n máa ń bi wọ́n lẹ́yìn rẹ. Tó o bá wọlé, kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, tẹrí ba tàbí kúnlẹ̀ díẹ̀, kó o dúró títí wọ́n á fi ní kó o jókòó. Nígbà tó o bá wá ń dáhùn, gbójú sókè. Mo mọ̀ pé a kọ́ wa pé ọmọ kì í wojú àgbà, ẹ̀kọ́ rere sì ni. Àmọ́ nínú yàrá yẹn, ẹni tí kì í ṣe ará ìlú wa lè rò pé ò ń fi nǹkan pa mọ́. Ìkíni ti fi ọ̀wọ̀ rẹ hàn. Wo iwájú orí ẹni tó bi ọ́ tí ojú rẹ̀ bá ń dẹ́rù bà ọ́.

Má ṣe mú bàbá tàbí ìyá wọlé. Bí wọ́n bá sìn ọ́ wá, kí wọ́n dúró ní ìta géètì.

Múra onídùúró méjì sílẹ̀, torí ibi tí kò bá sí ìrírí, onídùúró ni iléeṣẹ́ máa fi ọkàn balẹ̀ lé, pàápàá níbi tí owó tàbí ọjà bá wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí oníṣòwò tó ní àdírẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Lọ bá wọn nílé ṣáájú, ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wọn, kó o gba àyè kó o tó kọ orúkọ wọn. Ẹni tí wọ́n pè lórí fóònù tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ lè ba gbogbo ohun tó o ti sọ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan sì rèé tó ń ká mi lára: iléeṣẹ́ tòótọ́ kò ní gba owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ rẹ kí wọ́n tó gbà ọ́. Àwọn onígbàjùẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí ló máa ń tètè gbà. O lè wá orúkọ iléeṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó o wá lálẹ́ tàbí sílé àdáni, má lọ.

Lẹ́yìn intafíù

Tó o bá dé ilé, kọ gbogbo ìbéèrè tó o rántí sílẹ̀ kó tó di pé o sùn, pàápàá èyí tó dí ọ lẹ́nu. Ìyẹn ni wàá fi múra èyí tó kàn. Lọ́jọ́ kejì, fi ìmeèlì tàbí WhatsApp kúkúrú ránṣẹ́ sí ẹni tó pè ọ́: dúpẹ́, dárúkọ ohun kan tẹ́ ẹ jọ sọ, kó o sì dákẹ́. Tí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá láìsí èsì, pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan.

Tí wọ́n bá ní wọn kò gbà ọ́, kọ èyí sí wọn: "Ẹ ṣeun fún àyè tẹ́ ẹ fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ohun wo ni mo lè kọ́ sí i kí n tó tún kọ̀wé sí yín? Bẹ́ ẹ bá nílò ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, mo wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nọ́ńbà mi kò yí padà." Pa ìdáhùn wọn mọ́ sínú ìwé tó o kọ iṣẹ́ rẹ sí.